Akólòlò Á Pe Baba, Àmọ́ Iṣẹ́ Bàálù Ní Gbèdéke

Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Òwe yìí ni wọ́n máa ń fi ki ẹni tó ti lé lógójì ọdún láyà, tó bá ní òun fẹ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ òun sílẹ̀ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù. Ojú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ kan náà ni pápákọ̀ òfurufú Àkúrẹ́ àti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ wa wà, kò sì yà mí lẹ́nu bí ìfẹ́ iṣẹ́ náà bá wọ tíṣà tàbí oníṣòwò pákó lọ́kàn. Òótọ́ lòwe náà. Àmọ́ nínú iṣẹ́ yìí, wọ́n ti dá ọjọ́ tí akólòlò gbọ́dọ̀ ti pe baba tán.

Òfin ICAO, àjọ tó ń rí sí ìrìnnà òfurufú lágbàáyé, ni pé ẹni tó bá ti pé 65 kò gbọdọ̀ wa bàálù akérò kọjá ibodè mọ́. 60 ni tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó sún un síwájú ní 2006. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní 40 á ní ọdún 25 òun ṣì kù. Kó yọ nǹkan bí ọdún méjì tó máa lò nílé ẹ̀kọ́, irú NCAT tó wà ní Zaria láti 1964. Lẹ́yìn náà, kó yọ iye ọdún tó máa fi wáṣẹ́, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Nàìjíríà tó ti gba láísẹ́ǹsì pẹ̀lú nǹkan bí 200 wákàtí ló wà nílé, torí pé ẹni tó ti ní type rating, ìyẹn ẹ̀kọ́ lórí irú bàálù kan pàtó bíi Boeing 737, tó sì ti fò dáadáa, làwọn iléeṣẹ́ ń wá. Owó dọ́là ni ẹ̀kọ́ yẹn, àpò ẹbí ló sì sábà máa ń ti jáde.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nínú bàálù, wákàtí òfurufú ni àkísà. 1,500 lèèyàn nílò kó tó gba láísẹ́ǹsì ọ̀gá awakọ̀. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún tó tètè bẹ̀rẹ̀ lè ní àkísà jù yín lọ fíìfíì. Òun lọ̀gá, ẹ̀yin ni igbákejì. Ẹni tí ìyẹn bá máa ká lára, kó má wulẹ̀ dáwọ́ lé e. Bí nǹkan bá sì le, wọ́n lè dá yín dúró: nígbà Kòrónà ní 2020, awakọ̀ àti ẹnjiníà tó lé ní 100 ni Bristow Helicopters dá dúró ní Nàìjíríà.

Àwọn kan ṣì rí i ṣe o. Mohammed Abubakar fọ bàálù ní iléeṣẹ́ Kabo Air, ó tọ́jú èrò nínú bàálù, ọdún 24 ló sì gbà á kó tó di Captain ní Azman Air. Ẹ kíyè sí i: inú iṣẹ́ òfurufú ló jókòó sí tó fi rí ọ̀nà.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá dókítà tí NCAA, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà òfurufú ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí fún àyẹ̀wò Class 1: ojú, etí, ọkàn, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ má ṣe lọ búra ní kóòtù láti dín ọjọ́ orí kù. Ẹni tó bá ti lé ní 50, ìdájọ́ tèmi ni pé kó má náwó ilé síbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà láàárín 35 sí 45, mo bẹ̀ yín, ẹ rí dókítà kẹ́ ẹ tó wá ẹni tó máa ra oko kòkó yín.