Èdè Ìperí àti Ìjábọ̀: Bí Ẹ̀kọ́ Àpérò Wẹ́ẹ̀bù Ṣe Lè Dé Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú àpilẹ̀kọ yìí ni èdè tí ẹni tí ó bá lọ sí àpérò àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù yóò fi jábọ̀ fún àwọn tí kò lọ. Ọ̀rọ̀ náà 'jábọ̀' kì í ṣe tuntun. 'Jẹ́' inú 'jẹ́ iṣẹ́' àti 'àbọ̀', tí a ṣẹ̀dá láti ara 'bọ̀', ni ó para pọ̀ di 'jẹ́ àbọ̀', tí ó sì sún kì di 'jábọ̀'. Lójú Yorùbá, ẹni tí a rán níṣẹ́ tí kò padà wá jábọ̀ kò tíì parí iṣẹ́ tí a rán an. Èrò tiwa ni pé inú ìjábọ̀ gan-an ni ó ti yẹ kí a máa dán ìperí tuntun wò, kí a tó kọ ọ́ sínú ìwé atúmọ̀.

Àwọn aṣíwájú wa ti ṣe bẹbẹ lórí èdè ìperí. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní 1984 ni apá kìíní ìwé èdè ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, jáde. Apá kejì, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀, tẹ̀lé e ní 1990. Ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni àwọn ìwé wọ̀nyí gbájú mọ́. A kò lè retí ọ̀rọ̀ wẹ́ẹ̀bù nínú wọn, nítorí pé Oṣù Kẹta 1989 ni Tim Berners-Lee ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àbá rẹ̀ kalẹ̀ ní CERN, ní ìlú Geneva. Ní CERN yìí kan náà ni àpérò àgbáyé àkọ́kọ́ lórí wẹ́ẹ̀bù ti wáyé ní Oṣù Karùn-ún 1994.

Láti ìgbà náà ni ó ti jẹ́ pé ibi àpérò ni a ti ń bí púpọ̀ nínú àwọn ìperí iṣẹ́ yìí. Àpẹẹrẹ kan tó. Ní Oṣù Kẹta 2003, ní àpérò SXSW ní ìlú Austin ní Amẹ́ríkà, Steven Champeon lo gbólóhùn kan, 'progressive enhancement', láti ṣàlàyé ọ̀nà iṣẹ́ kan: pé kí ẹni tí ń kọ́ ojú ewé kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kalẹ̀ kí ẹ̀rọ tí ó rẹlẹ̀ jù lọ lè ṣí i, lẹ́yìn èyí ni kí ó wá máa fi ọ̀ṣọ́ àti àrà kún un fún àwọn ẹ̀rọ tí ó bá lágbára. Kí òǹkàwé kíyè sí i pé kì í ṣe ìgbìmọ̀ ni ó jókòó ṣẹ̀dá ìperí yìí. Òṣìṣẹ́ ni ó dìde láti ṣàlàyé iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì bọ́ sí i lẹ́nu. Ní Yorùbá, a dábàá 'àlékún nípele' fún un.

Ìbéèrè tí ó wá kù ni pé níbo ni òṣìṣẹ́ Yorùbá ti ń dìde bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a wo ìhà Ọ̀jọ́. Ibẹ̀ ni ọgbà àgbà Fásitì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1983, wà. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì ń gbé ní Ìbà àti Okokomaiko. Ní Ọ̀jọ́ náà ni ọjà Alábà wà, níbi tí àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ti ń tú ẹ̀rọ, tí wọ́n sì ń tò ó. Ṣùgbọ́n Yábàá, Erékùṣù Victoria àti Lẹ́kí ni a sábà máa ń pe àpérò wẹ́ẹ̀bù sí. Báyìí ni ọ̀rọ̀ rí fún irú DevFest tí ẹgbẹ́ GDG Lagos máa ń ṣe. Ẹni tí ó bá ti Okokomaiko lọ sí Lẹ́kí ti la Èkó já láti ìwọ̀-oòrùn dé ìlà-oòrùn. Ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní Oṣù Kẹsàn-án 2023 wà nínú ètò láti dé Okokomaiko, ṣùgbọ́n Mile 2 ni ìpín rẹ̀ àkọ́kọ́ mọ. Nítorí náà ẹnì kan tàbí méjì ni yóò lọ, àwọn yòókù yóò sì máa dúró de ìjábọ̀. Bí ó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì àpérò náà ni olùjábọ̀ gbé bọ̀ láìtú u, ẹni tí ó lówó ọkọ̀ tí ó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa nìkan ni ẹ̀kọ́ náà yóò wà fún. Ohun tí a fẹ́ yẹra fún nìyẹn.

Àwọn kan lè sọ pé àmúlùmálà tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ ti tó, àti pé kì í ṣe ọmọ Yorùbá nìkan ni ó wà ní Alábà. Òtítọ́ ni èkejì. Àwọn Ègùn wà ní agbègbè náà, àwọn ọmọ Ìgbò pọ̀ ní ọjà, èdè Píjìn sì ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ní ti èkíní, àmúlùmálà a máa gbé orúkọ nǹkan dé, ṣùgbọ́n kì í fi ìgbà gbogbo gbé bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́ dé. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lè sọ pé 'sáfà ti lọ' fún oṣù mẹ́fà láìmọ ohun tí sáfà ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a dúró lórí sáfà yìí díẹ̀, nítorí pé kò sí àpérò wẹ́ẹ̀bù tí a kì í ti gbọ́ 'client' àti 'server'. Ẹni tí ó bá wo ojú ọ̀rọ̀ nìkan yóò túmọ̀ èkejì sí 'ìránṣẹ́'. Ìtumọ̀ olówuuru ni, ó sì ń ṣini lọ́nà. Ìránṣẹ́ a máa rìn: a rán an, ó lọ, ó bọ̀. Ẹ̀rọ tí à ń sọ yìí kì í lọ síbì kankan. Ó jókòó sójú kan, ó ń retí ẹni tí yóò béèrè nǹkan. 'Olùpèsè' sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n etí tí ó bá gbọ́ ọ yóò kọ́kọ́ rántí Ọlọ́run. Ẹni tí ó jọ ẹ̀rọ yìí jù lọ láwùjọ wa ni ọlọ́jà tí ó jókòó ti ìsọ̀ rẹ̀. Oníbàárà dé, ó béèrè ọjà, ọlọ́jà gbé e fún un. Nítorí náà, 'ẹ̀rọ oníbàárà' àti 'ẹ̀rọ ọlọ́jà' ni a fara mọ́.

Àǹfààní ìperí méjèèjì yìí kò mọ ní orúkọ. Gbogbo nọ́ńbà ìdáhùn tí ń da akẹ́kọ̀ọ́ lójú rú ni wọ́n ń tú. Bí a bá rí 404, ọlọ́jà wà ní ìsọ̀ ṣùgbọ́n kò rí ohun tí a béèrè. Bí ó bá jẹ́ 403, ó gbọ́ ohun tí a béèrè, ṣùgbọ́n ó kọ̀, kò ní tà á fún wa. Bí ó bá jẹ́ 500, nǹkan ṣe ọlọ́jà fúnra rẹ̀, ẹ̀bi oníbàárà kọ́. Ẹ̀rọ kan tún wà tí í máa gba ojú ewé láti ọ̀nà jíjìn, tí ó ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sí tòsí wa kí ó lè tètè tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ta ni ní Alábà tí kò mọ ẹni tí ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? 'Ẹ̀rọ alágbàtà' ni, ẹ̀dà tí ó tọ́jú sì ni 'àpamọ́'. Wọn a máa sọ pé ọlọ́jà ń gba owó, ẹ̀rọ kì í gbà. Àtakò náà kò lágbára lójú wa, nítorí pé ìbéèrè àti ìdáhùn ni a fi wọ́n wé ara wọn, kì í ṣe owó.

Ní Oṣù Karùn-ún 2010, Ethan Marcotte fún irú ojú ewé kan ní orúkọ tí ìtumọ̀ olówuuru rẹ̀ yóò jẹ́ 'adáhùn'. Ṣùgbọ́n ojú ewé náà kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń bá ìwọ̀n ojú ẹ̀rọ mu, ì báà jẹ́ fóònù, ì báà jẹ́ kọ̀ǹpútà. Láti ara 'bá ìwọ̀n mu' ni a ti ṣẹ̀dá 'abáwọ̀nmu'. Ó kúrú, ó sì rọrùn láti sọ lẹ́nu: 'Ojú ewé yìí kì í ṣe abáwọ̀nmu.'

Ìgbà mìíràn wà tí ìtumọ̀ olówuuru bá èdè wa mu ju ti Gẹ̀ẹ́sì pàápàá lọ. Àṣìṣe inú ètò kọ̀ǹpútà ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní 'bug'. Bí a bá pè é ní 'kòkòrò', òwe wa ti ṣe àlàyé rẹ̀ sílẹ̀: kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà. Inú iṣẹ́ tí a fọwọ́ ara wa ṣe ni a ó ti wá a. 'Ìṣakòkòrò' ni iṣẹ́ yíyọ ọ́ kúrò, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣa ẹ̀wà.

Ní ti 'ayélujára' àti 'ìtàkùn', ó yẹ kí olùjábọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀nà tí ó so ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ káàkiri ayé ni ayélujára. Àwọn ojú ewé tí a so mọ́ ara wọn tí wọ́n ń gba orí ọ̀nà náà kọjá ni ìtàkùn. Ènìyàn lè fi lẹ́tà ránṣẹ́ lórí ayélujára láìfọwọ́ kan ìtàkùn rárá. HTML àti CSS ní tiwọn dà bí orúkọ àmútọ̀runwá. A kì í túmọ̀ wọn, àlàyé ni a ń ṣe fún wọn.

Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní Oṣù Kejì 2018 lórí ìgbéga èdè Yorùbá pa á láṣẹ kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti Ìpínlẹ̀ náà fi Yorùbá kún ẹ̀kọ́ gbogbogbòò wọn. A rò pé àyè kan nìyí fún àwọn olùkọ́ Yorùbá ní Ọ̀jọ́. Dípò kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ àròkọ lórí ọjọ́ ọjà lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ jẹ́ kí ó jábọ̀ àpérò kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní Yorùbá níwájú àwọn tí kò lọ, kí olùkọ́ sì bi ọ̀kan nínú wọn pé kí ó tún un sọ. Ìperí tí olùgbọ́ bá lè tún lò láìbéèrè ni kí a kọ sílẹ̀. Èyí tí ó bá ń kọ́ ọ lẹ́nu ni kí a dá padà.

Àkọsílẹ̀ ìjábọ̀ náà ní ìṣòro tirẹ̀. Kí a fi àmì 'yo' hàn ní òkè ojú ewé, nítorí pé òun ni aṣàwákiri fi ń mọ̀ pé Yorùbá ni. Nínú ètò Unicode, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n 'ẹ́' kò ní. A ní láti to ẹ àti àmì ohùn pọ̀. Ẹlòmíràn sì lè fi é ṣáájú kí ó tó wá fi àmì sí i nísàlẹ̀. Bákan náà ni méjèèjì rí lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìwáǹkan lè kà wọ́n sí ọ̀tọ̀, kí ẹni tí ń wá 'ẹ̀kọ́' má sì rí i. Ìlànà NFC ti Unicode ni ó ń sọ wọ́n di ọ̀kan. Kí olùjábọ̀ rí i pé a ti lò ó kí ó tó gbé àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde.