Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Ẹ̀kọ́ Lórí Oògùn Túúlu

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti èlé tàbí ti ìwé ìṣirò. Ó jẹ mọ́ ara tí a fi ń ṣiṣẹ́ kí owó tó wọlé. Àwa tí à ń yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò máa ń rí i pé bí ọmọ ẹgbẹ́ bá béèrè ẹ̀yáwó kánkán, ìtọ́jú àìsàn ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. A kì í ṣe dókítà, a kò sì fẹ́ gba iṣẹ́ dókítà ṣe. Ohun tí a fẹ́ ni kí olúkúlùkù mọ ìbéèrè tí ó yẹ kí ó bi dókítà àti apòògùn, kí ó tó gbé oògùn mì.

Ọ̀rọ̀ wa dá lórí ẹ̀fọ́rí túúlu àti oògùn tí dókítà ń kọ fún un. Aládùúgbò a máa fún aládùúgbò ní oògùn, pé: "Gba èyí lò, òun ló wò mí sàn." Inú rere ni, ṣùgbọ́n oògùn tí ó wo ẹnì kan sàn lè gbé ẹlòmíràn ṣánlẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà kò ju èyí lọ: kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo oògùn túúlu tí dókítà ń kọ láìjẹ́ pé a ti wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ó má sì ṣe lò ó láìka iye ọjọ́.

1. Kí ni à ń pè ní túúlu?

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀fọ́rí ni túúlu. Túúlu sábà máa ń mú apá kan orí, á sì máa lù bí ìlù. Èébì á máa gbé ènìyàn, ìmọ́lẹ̀ àti ariwo á sì di ohun tí kò fẹ́ rí tàbí gbọ́. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè gba wákàtí 4 títí dé ọjọ́ 3. Àwọn mìíràn a máa rí àmì kí ó tó dé: ojú wọn á máa rí ìmọ́lẹ̀ tí ń kọ mànà tàbí ìlà wọ́gọwọ̀gọ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 sí 60. Ó máa ń wà nínú ìdílé, àwọn obìnrin tí ó sì ń bá jà tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta àwọn ọkùnrin.

Ohun tí ń jí i dìde kò jìnnà sí wa: oorun tí kò tó, àìjẹun ní àsìkò, oòrùn gangan, ariwo fèrè tírélà, èéfín jẹnẹrétọ̀, àti nǹkan oṣù àwọn obìnrin. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ òru ní èbúté Àpápá tàbí ti Tin Can, tí ó ń fi ọ̀sán wá oorun nínú ooru àti ariwo Ajégúnlẹ̀, bí irú àìsàn yìí bá wà lára rẹ̀, kò ní ṣàì máa rí i. Ẹ má sì ṣe rò pé gbogbo ẹ̀fọ́rí ni ibà. Kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó lo oògùn ibà.

2. Àwọn oògùn náà àti bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́

Oògùn ẹ̀fọ́rí pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan wà tí a lè rà láìsí ìwé dókítà, bíi paracetamol àti aspirin. Nílẹ̀ Yorùbá, ta ni kò mọ Alábùkún? Jacob Odùlate ní Abẹ́òkúta ni ó gbé e jáde ní ọdún 1918. Aspirin ni ó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú caffeine, èròjà kan náà tí ó wà nínú kọfí àti obì.

Ọ̀nà kejì ni àwọn tí dókítà gbọ́dọ̀ kọ. Méjì nínú wọn ni ergotamine àti sumatriptan. Ní ọdún 1918 yìí kan náà ni Arthur Stoll, ní ilé iṣẹ́ Sandoz ní ìlú Basel nílẹ̀ Switzerland, yọ ergotamine jáde lára olú kan tí ń hù lára ọkà rye, ìbátan àlìkámà. Ní ayé àtijọ́ ní Yúróòpù, àwọn tí ó bá jẹ búrẹ́dì tí a fi ọkà tí olú náà ti bà jẹ́ ṣe, ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ wọn á dúdú, á kú, á sì já bọ́, nítorí májèlé náà ti fún iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn pa. Ohun tí ó ń pani nígbà tí ó pọ̀ yìí ni a sọ di oògùn nígbà tí ó kéré tí a sì wọ̀n ọ́n. Sumatriptan ní tirẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ Glaxo nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1991 ni ó kọ́kọ́ bọ́ sí ọjà.

Nígbà tí túúlu bá dé, àwọn iṣan tí ń gbé ìrora ní àyíká ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ á sì fẹ̀. Oògùn méjèèjì yìí máa ń fún àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ náà, sumatriptan á sì tún mú kí iṣan tí ń gbé ìrora dákẹ́. Ṣùgbọ́n oògùn kò mọ orí yàtọ̀ sí àyà. Bí ó ti ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ orí, ó lè fún ti ọkàn pẹ̀lú. Ẹni tí rọ́bà omi rẹ̀ mọ́ tónítóní lè tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí omi ṣì máa lọ. Ẹni tí ìdọ̀tí ti dí ìdajì rọ́bà tirẹ̀, bí ó bá tẹ̀ ẹ́, omi dúró nìyẹn. Níbẹ̀ ni ewu wà.

3. Àwọn tí kò gbọdọ̀ lò ó

(a) Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tíì kápá.
(b) Ẹni tí àìsàn ọkàn ti ṣe rí, tàbí tí àyà máa ń dùn bí ó bá gun òkè tàbí gbé ẹrù.
(d) Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lù rí, ìbáà jẹ́ èyí tí ó ṣe é fún wákàtí kan tí ó sì lọ.
(e) Ẹni tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dí, tàbí tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn gidigidi.
(ẹ) Aboyún kò gbọdọ̀ fi ergotamine kan ẹnu rárá, bẹ́ẹ̀ ni ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú. Ní ti sumatriptan, dókítà nìkan ni ó lè sọ.
(f) Ọmọdé àti ẹni tí ó ti ju ọdún 65 lọ kò gbọdọ̀ dá a lò fúnra wọn.

Ẹ jẹ́ kí á rò ó wò. Ọkùnrin ẹni ọdún 48 kan ń gbé ẹrù ní wáàfù. Kò wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rí, nítorí pé ara rẹ̀ le. Orí ń fọ́ ọ, ìyàwó aládùúgbò rẹ̀, ẹni ọgbọ̀n ọdún, sì bù ú ní hóró sumatriptan tirẹ̀. Dókítà ti yẹ obìnrin náà wò, ó sì yẹ kí ó lò ó. Ṣùgbọ́n ta ni ó yẹ ọkùnrin yìí wò? Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo. Ó lè wà lára fún ọdún púpọ̀ láìsí àmì kankan. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin yìí ti kọjá 140 lórí 90 láti ọjọ́ pípẹ́, inú rere lè di ọ̀ràn kí ilẹ̀ tó mọ́.

Oògùn mìíràn pẹ̀lú lè sọ ọ́ di májèlé. Ẹni tí ó bá ń lo ergotamine kò gbọdọ̀ lo erythromycin tàbí clarithromycin, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà fún ikọ́ àti ọ̀nà ọ̀fun. Wọn kì í jẹ́ kí ara lè yọ ergotamine dànù, ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í kú bí ti àwọn ará Yúróòpù ìjelòó. Ritonavir, ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí a ń fún àwọn tí ó ní kòkòrò HIV, ń ṣe bákan náà. Ẹ má ṣe fi ìtìjú bo irú oògùn bẹ́ẹ̀ lójú dókítà. Bákan náà, kí ẹni tí ń lo oògùn fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sọ ọ́ kí a tó kọ sumatriptan fún un. Ergotamine àti sumatriptan kò sì gbọdọ̀ pàdé nínú ikùn kan: ẹ fi wákàtí 24 sí àárín wọn. Obìnrin tí ó ń rí ìmọ́lẹ̀ kí túúlu tó dé gbọ́dọ̀ sọ èyí fún nọ́ọ̀sì ìfètò-sọ́mọ-bíbí, nítorí pé hóró ìfètò tí estrogen wà nínú rẹ̀ ń fi kún ewu rọpárọsẹ̀ fún un.

4. Bí a ṣe ń lò ó

Bí dókítà bá ti kọ sumatriptan fún ọ, gbé hóró náà mì pẹ̀lú omi ní kété tí orí bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Àwọn tí dókítà ń kọ jù ni 50 tàbí 100 miligíráàmù. Bí orí bá sàn tí ó sì tún padà, o lè lo ìkejì lẹ́yìn wákàtí 2, ó kéré tán. Bí èkíní kò bá ṣe nǹkan kan rárá, má lo ìkejì fún ẹ̀fọ́rí yẹn. Àṣẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni pé kí gbogbo rẹ̀ má ju 200 miligíráàmù lọ ní wákàtí 24. Bí dókítà rẹ bá kọ iye tí ó kéré sí i, tirẹ̀ ni kí o tẹ̀lé.

Ara lè wúwo, oorun lè kun ènìyàn, ọ̀fun tàbí àyà lè fún díẹ̀ kí ó sì lọ. Nítorí náà, awakọ̀ tírélà àti ẹni tí ń wa ẹ̀rọ agbẹ́rù kò gbọdọ̀ lò ó kí ó tún gun orí ọkọ̀. Bí àyà bá dùn gan-an, tàbí ìrora náà wọ apá àti àgbọ̀n, kì í ṣe ohun tí a ń fi omi tútù pa: ilé ìwòsàn ni ó kàn. Ẹ má sì ṣe fi oògùn sílẹ̀ sí iwájú mọ́tò nínú oòrùn.

5. Gbèsè tí a fi gbèsè san

Ẹ̀yin náà mọ ọmọ ẹgbẹ́ tí ó yá owó láti san owó tí ó yá. Lójú ara rẹ̀ ó ń san gbèsè, ṣùgbọ́n nínú ìwé wa, gbèsè ń pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni oògùn ẹ̀fọ́rí. Ẹni tí ó bá ń lo sumatriptan, ergotamine, oògùn tí codeine wà nínú rẹ̀, tàbí aspirin tí a pò mọ́ caffeine, fún ọjọ́ 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú oṣù, fún oṣù mẹ́ta, oògùn náà fúnra rẹ̀ lè máa fa ẹ̀fọ́rí. Paracetamol nìkan, ọjọ́ 15 ni ti rẹ̀. Orí á fọ́, a lo oògùn, ó sàn, oògùn tán lára, orí tún fọ́. Ẹni tí ń lo ìyẹ̀fun kan lárààárọ̀ kí ó tó lọ sí wáàfù ti wọ inú gbèsè yìí láìmọ̀. Aspirin púpọ̀ sì ń dá ọgbẹ́ sí inú.

Ìwé ni oògùn rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí o ti ní ìwé ìpamọ́ owó, ní ìwé ẹ̀fọ́rí: ọjọ́, wákàtí, ohun tí o jẹ, bí o ṣe sùn, oògùn tí o lò àti iye rẹ̀. Bí oṣù bá parí, ka àwọn ọjọ́ náà, kí o sì gbé ìwé náà lọ bá dókítà. Ẹni tí túúlu ń dé bá lemọ́lemọ́, oògùn mìíràn wà tí dókítà lè kọ láti máa dènà rẹ̀.

6. Níbo ni a ti ń rà á?

Ìwé àṣẹ àwọn ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì kékeré tí kò ní apòògùn kò ré kọjá oògùn tí a lè rà láìsí ìwé dókítà. Ilé oògùn tí apòògùn wà ni kí ẹ lọ. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́ lára páálí. Ẹ má ṣe ra hóró tí a gé kúrò lára páálí rẹ̀, tí kò ní orúkọ. A kò tíì gbàgbé oògùn eyín ọmọdé tí a pè ní My Pikin ní ọdún 2008: nọ́ńbà wà lára rẹ̀, síbẹ̀ májèlé wọ inú rẹ̀ láti ọwọ́ àwọn tí ta èròjà láìní àṣẹ, ọmọ tí ó kú lé ní 80. Bí èyí tí ó ní orúkọ bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni kí a wí fún èyí tí kò ní?

7. Ẹ̀fọ́rí tí kò gbọdọ̀ dúró

Ẹ gbé ènìyàn lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá bí ẹ̀fọ́rí bá dé lójijì tí ó le ju èyíkéyìí tí ó ti rí rí. Bí ibà àti ọrùn líle bá bá a rìn. Bí ẹnu bá wọ́, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́, tàbí tí apá kan ara ń rọ. Bí ó bá tẹ̀lé ìṣubú tàbí lílù lórí. Bí gìrì bá mú un. Bí ó bá jẹ́ aboyún tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tí ara rẹ̀ sì wú. Tàbí bí ẹni tí ó ti kọjá 50 ọdún bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ní ẹ̀fọ́rí tí kò ní rí. Ilé Ìwòsàn Gbogbogbòò Ajérọ̀mí wà ní Ajégúnlẹ̀, ti Àpápá sì wà ní Àpápá.

8. Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ lè ṣe

A rọ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n pe nọ́ọ̀sì wá sí ìpàdé kan kí ó wọn ẹ̀jẹ̀ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Kí wọ́n sì béèrè nípa ètò adójútòfò ìlera Ìpínlẹ̀ Èkó tí a ń pè ní Ìlera Èkó. Owó tí a fi dènà àìsàn kéré sí ẹ̀yáwó tí a fi wò ó.

Ìbéèrè fún ìpàdé

1. Kí ló dé tí kò fi yẹ kí a fún ẹlòmíràn ní oògùn túúlu tiwa?
2. Mélòó nínú wa ni ó mọ iye tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà lónìí?
3. Ọjọ́ mélòó ni o lo oògùn ẹ̀fọ́rí ní oṣù tí ó kọjá?

Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe fi ìkánjú wo ẹ̀fọ́rí kí ó sì pàdánù ọkàn tàbí ẹsẹ̀ tí ó fi ń wá oúnjẹ. Ẹ ka ẹ̀kọ́ yìí fún àwọn tí kò lè kàwé nínú ẹgbẹ́. Ìlera ni oògùn ọrọ̀.