Páálí Ṣáájú Ṣọ́ọ̀kì

Ẹ̀yin tíṣà ìṣirò tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, pátákó ló kọ́kọ́ ń da ọmọ láàmú nínú jiọ́mẹ́tírì àpótí, agolo àti kóònù. Ẹ ya àpótí sí i, igun tó yẹ kó jẹ́ dígíríì 90 yóò là jù tàbí kó há. Ojú ọmọ ń sọ ọ̀tọ̀, ẹnu yín ń sọ ọ̀tọ̀.

Torí náà, ẹ kọ́kọ́ gbé páálí wá. Kí wọ́n gé e, kí wọ́n fi gáàmù lẹ̀ ẹ́ di àpótí aláìlómọrí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4 sí 3, tó sì ga ní 12. Ẹ wá bi wọ́n pé: ẹyọ ìgbálẹ̀ tó máa ti igun ìsàlẹ̀ kan dé igun òkè tó jìnnà sí i jù lọ, báwo ló ṣe máa gùn tó? Ẹ má dá wọn lóhùn o. Kí oníkálukú kọ iye tirẹ̀ sílẹ̀ kó tó wọ̀n ọ́n. Ẹni tó ti sọ tẹnu rẹ̀ ló máa ń fẹ́ mọ̀ bóyá òun gbà á.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gé onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 5, 12 àti 13 lára páálí mìíràn, kí wọ́n kì í bọnú àpótí náà. Ó máa dúró ṣánṣán: 5 yóò dábùú ìsàlẹ̀ láti igun dé igun, 12 yóò fara ti orígun, 13 yóò bọ́ sójú ibi tí ìgbálẹ̀ wà. Pythagoras ti wọlé lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn, ẹ ò sì tíì kọ fọ́múlà kankan. Bí ti ẹlòmíràn bá jẹ́ 12.8, ẹ má bò ó mọ́lẹ̀. Páálí nípọn, gáàmù náà gba àyè; ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn wá ìdí rẹ̀.

Ní ti kóònù, ẹ ká bébà líle bí elẹ́pà ṣe ń ká tirẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ti agolo kan, kó sì ga tó o. Kóònù mẹ́ta iyanrìn gbígbẹ ló máa kún agolo náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ á ti sọ pé méjì. Ẹ fi rúlà gé orí iyanrìn kó tẹ́jú. A ò fẹ́ èènì níbí.

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ra ike aláràbarà, wọ́n tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù kó má baà fọ́. Èmi yan páálí tí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ gé, bó tiẹ̀ wọ́.

Àmọ́ kò sí páálí ní gbọ̀ngàn ìdánwò WAEC. Kí wọ́n ya àpótí náà nígbà tó ṣì wà lórí tábìlì, kí wọ́n fi ìlà tó ń já ya etí tí kò hàn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e kúrò, kí wọ́n tún un yà láti inú orí. Ẹni tí kò bá rí i yà, ẹ dá àpótí rẹ̀ padà fún un.