Owó Inú Ìwé Kò Tíì Dé Àpò

Bí wọ́n bá ka ètò ìṣúná lórí rédíò, iye owó náà ló máa ń dún létí wa. Tiriliọ̀nù náírà 54.99 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí fún ọdún 2025. Olùkọ́ gbọ́ ọ, ó ń retí àfikún. Kọngílá gbọ́ ọ, ó ti ń wo ilẹ̀ tí yóò rà. Bẹ́ẹ̀ tiriliọ̀nù 14.32 nínú rẹ̀ jẹ́ ti gbèsè tí wọ́n fẹ́ san. Ìyókù ńkọ́? Ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n fọwọ́ sí i, ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n tú u sílẹ̀.

Òṣìṣẹ́ ni n ó kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Owó oṣù tó kéré jù lọ di 70,000 náírà ní oṣù Keje ọdún 2024, òfin sì ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni kí wọ́n máa tún un gbé yẹ̀ wò. Bí ọdún kò bá tíì pé, ẹ má torí àfikún tí ẹ kò tíì rí yá owó kọpurétíìfù.

Inú ìwé owó oṣù yín ni kí ẹ wò. Òfin owó orí tuntun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1, oṣù Kìíní ọdún 2026. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí 800,000 náírà àkọ́kọ́ lọ́dún. Lórí mílíọ̀nù 2.2 tó tẹ̀lé e, 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Wọ́n tún ń yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé tí ẹ ń san kí wọ́n tó ṣírò, àmọ́ kò lè ju 500,000 lọ. Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó ń gba 150,000 lóṣù: mílíọ̀nù 1.8 lọ́dún nìyẹn. Ká ní gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò owó ìfẹ̀yìntì, 144,000 lọ. Bó bá ń san 400,000 fún lánlọ́ọ̀dù, yọ 80,000. Yọ 800,000 tí owó orí kò kàn. 776,000 ló kù tí wọn yóò gba owó orí lórí rẹ̀: 9,700 lóṣù. Bí kò bá rí rìsíìtì owó ilé fi hàn, ó di 10,700. Lánlọ́ọ̀dù tó ní òun kì í kọ rìsíìtì ń fi 12,000 ṣòfò fún un lọ́dún.

Ti kọngílá ló le. Lọ́dún 2025, iṣẹ́ àkànṣe inú ìṣúná 2024 ṣì ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti 2025. Wọ́n sún ti 2024 síwájú títí di oṣù Kejìlá ọdún náà. Nítorí náà, kí ẹ tó da iyanrìn sílẹ̀, ẹ béèrè: ìṣúná ọdún wo ló gbé iṣẹ́ yìí? Ṣé orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀? Ṣé wọ́n ti tú owó sílẹ̀ fún un? Ìwé tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ fún yín kò dáhùn ìbéèrè kẹta.

Bọ̀dá kan ládùúgbò wa n'Ìbàdàn gba iṣẹ́ kíláàsì ilé-ìwé, ó fọkàn sí èrè 900,000. Ó yá mílíọ̀nù 6 ní báǹkì, èlé 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ìyẹn 150,000 lóṣù. Oṣù kẹsàn-án ni owó dé. Oṣù mẹ́fà ni èlé ti jẹ èrè tán. Oṣù mẹ́ta tó kù, àpò ara rẹ̀ ló jẹ.

Fún iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, òfin ọdún 2007 lórí rírà ọjà àti gbígbé iṣẹ́ jáde ní owó tó bá ju 60 ọjọ́ lọ lẹ́yìn tí ẹ ti mú ìwé iṣẹ́ lọ gbọ́dọ̀ lé èlé. Àmọ́ iye èlé tó wà nínú ìwé àdéhùn ni wọn yóò san. Ẹni tí kò bá kọ ọ́ síbẹ̀, kí ló fẹ́ tọ́ka sí? Àwọn kọngílá kékeré ń tijú láti béèrè fún ìlà kan ṣoṣo yìí, kí wọ́n má bàa sọ pé ojú wọ́n le. Ẹ béèrè o.

Bíríkìlà kò mọ Àbújá, ọjọ́ Sátidé ló mọ̀. Ẹ ya owó àwọn òṣìṣẹ́ yín ti oṣù mẹ́ta sọ́tọ̀, kí ó má wọ inú owó oúnjẹ ilé.

Bí owó bá wá dé, wọn yóò yọ ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lórí iṣẹ́ ilé kíkọ́: 200,000 lórí mílíọ̀nù 10. Ẹni tí kò ní nọ́ńbà owó orí, ìlọ́po méjì ni tirẹ̀. Kò sọnù, owó orí tí ẹ san sílẹ̀ ni, wọn yóò yọ ọ́ nínú ti òpin ọdún bí ìwé rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ yín. Ẹ má kúrò lọ́fíìsì akáǹtì láìgbà á. Bí wọ́n bá ní kí ẹ padà wá lọ́la, ẹ jókòó dè é.