Ṣínṣín Ọdún Yìí

Orílé-Agége, Èkó.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ. O ní iṣẹ́ Ìkejà kò jẹ́ kí o rímú mí, pé ṣínṣín inú ọ̀rá lẹ máa rà fún Kérésì lọ́dún yìí. Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún ìyá rẹ, ọmọ ìyá mi, títí ó fi lọ.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ bísíkíìtì kan nítòsí òpópónà Ọba Àkran, nídìí ẹ̀rọ tí ń di bísíkíìtì sínú ọ̀rá. Tí ọdún bá ti ń kú lọ, a ó máa ṣe ọ̀sán mọ́ òru, owó àṣekún á sì máa wọlé. Lọ́dún kan, alẹ́ tí Kérésì máa mọ́ ni mo délé, òórùn ṣúgà ń ta lára aṣọ mi, àwọn ọmọ ti sùn. Mo gbé páálí bísíkíìtì sórí tábìlì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin bi mí pé, “Màámi, ṣé a ò ní ṣọdún ni?” Ojú tì mí. Páálí yẹn wà níbẹ̀ títí ọdún tuntun fi wọlé, ẹnikẹ́ni ò já a.

Alẹ́ ọjọ́ kẹtàlélógún la máa ń po ṣínṣín nílé wa. Kóńgò fúláwà méjì, bọ́tà, ṣúgà, ẹyin mẹ́rin, mílíìkì agolo kan, nọ́tímẹ́ẹ̀gì díẹ̀ tí a rin. Kọ́kọ́ fi ọwọ́ ra bọ́tà mọ́ fúláwà gbígbẹ dáadáa kí omi tó kàn án. Òun ló ń jẹ́ kó rún lẹ́nu. Má pò ó pẹ́ bíi ti búrẹ́dì, yóò le. Ìgò ni kí o fi yí i pẹrẹsẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni kí o máa dà á sínú òróró, nítorí bó bá pọ̀ jù, òróró á tutù, ṣínṣín á sì mu ún yó. Kó o jáde kó tó pọ́n tán, ooru ara rẹ̀ á parí iṣẹ́ náà. Má sì dé e ní gbígbóná, á rọ̀. Kí o tó dín in, àwọn ọmọ ni kí o jẹ́ kí wọ́n gé e. Òmíràn á wọ́, òmíràn á tóbi bí àtàǹpàkò. Má tún un gé.

Mo mọ̀ pé fúláwà wọ́n. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà wa wá. Ìgbà tí náírà já lulẹ̀ ní 2023, gbogbo wa la rí i nílé búrẹ́dì. Bí kóńgò méjì kò bá ṣeé ṣe, ṣe ẹyọ kan. Bí ìyẹn náà bá ṣòro, àgbọn wà lọ́jà: rin ín, fún omi rẹ̀, sè é mọ́ ṣúgà títí yóò fi ki tí yóò sì dúdú, bàbá dúdú dé nìyẹn.

Fúláwà pàápàá, àlejò ni. Shackleford, ará Jàmáíkà tó bá iṣẹ́ rélùwéè wá, ló dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta ní 1921, kí iṣẹ́ náà tó ràn dé ọ̀dọ̀ wa tí búrẹ́dì fi ń jẹ́ orúkọ Agége. Ìyá wa kò bá ṣínṣín lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀. Ó kọ́ ọ ni, ó fi kọ́ wa, èmi àti ìyá rẹ. Ọwọ́ rẹ ló kù báyìí.

Abọ́ àkọ́kọ́, gbé e fún ìyá Àlàájì tí ẹ jọ ń gbé. Nígbà Iléyá, ẹran wọn ló kọ́kọ́ wọ ilé rẹ. Ọ̀rá tí wọ́n tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ sí kọ́ ni wàá fi dá irú ìyẹn padà.

Lọ́jọ́ kẹtàlélógún, bí o bá ti kúrò níbi iṣẹ́, kó àwọn ọmọ, kí ẹ máa bọ̀ ní Agége. Mo ti ra fúláwà sílẹ̀. Ìgò tí ìyá rẹ fi ń yí i ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Èmi ni,
Màmá Agége.