Ẹ̀yin Ọmọ Mi Tí Ẹ Ń Ṣe Géèmù

Ẹ̀yin ọmọ mi, kò sóhun tó burú nínú kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ṣe àwòkọ. Àmọ́ kí ẹ tó gbé àwòkọ yẹn lọ sọ́jà, ẹ gbọ́ ìtàn Threes.

Asher Vollmer àti Greg Wohlwend ló ṣe é, ó jáde ní oṣù kejì ọdún 2014. Géèmù orí fóònù ni: 1 àti 2 á pàdé, wọ́n á di 3, 3 méjì á di 6. Ẹni tó bá wò ó á ní iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Ó lé ní ọdún kan tí wọ́n fi ṣe é! Wọ́n fi àwòrán oúnjẹ àti ti ẹranko dán an wò, wọ́n dà wọ́n nù, wọ́n padà sórí nọ́ńbà.

Kò tíì pé oṣù méjì tó jáde tí àwòkọ fi gbòde. Gabriele Cirulli, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ítálì, ṣe géèmù 2048 tó jọ Threes ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, ó sì fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Òun kọ́ ni mò ń bá wí. Àwọn tó pa àwọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ dà, tí wọ́n lẹ ìpolówó mọ́ ọn, ló ń dùn mí.

Òfin kì í sábà dáàbò bo ìlànà eré. Àwòrán, orin àti kóòdù ló ń dáàbò bò. Ẹ̀rí ọkàn yín ló kù. Bí géèmù kan bá wù yín, ẹ yọ ìlànà kan kúrò nínú rẹ̀. Ẹ gbé e fún àbúrò yín kó gbá a, ẹ má ṣàlàyé, ẹ wo ibi tí ìka rẹ̀ ti ń ṣiyèméjì. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tiyín. Kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí ẹ wo iṣẹ́ rẹ̀ síbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i.