Kí Owó Tó Kúrò Lọ́wọ́

Ọ̀pọ̀ fóònù tí wọ́n ń tà ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, Computer Village ní Ìkẹjà ni wọ́n ti ń rà á wá. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ ni ọ̀gá sábà máa ń rán níṣẹ́ yìí. Wọ́n á gba Mile 12 àti Kétu kọjá, owó oníbàárà wà lápò wọn. Bí wọ́n bá ra ọjà burúkú wálé, gbèsè dé nìyẹn.

Ohun tí àgbà ọjà máa ń kọ́kọ́ sọ fún irú wọn ni pé kí wọ́n má ṣe dá ẹni tó bá ń fà wọ́n lápá ní òpópónà Òtígbà lóhùn. Fóònù gidi ni oníjìbìtì máa ń kọ́kọ́ gbé síta. Ẹni tó fẹ́ rà á á tàn án, á fi pe èèyàn, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Wọ́n á ná an, wọ́n á jọ gbà. Ìgbà tí olùtà bá ní kí òun bá a dì í sínú ọ̀rá ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń yá ju ojú lọ. Nígbà tí onítọ̀hún bá fi máa délé, ọṣẹ, gíláàsì tàbí fùfú ló máa bá nínú páálí. Fóònù tí a bá ti yẹ̀ wò tán kò gbọdọ̀ padà sọ́wọ́ olùtà mọ́. Kí ẹni tó rà á fúnra rẹ̀ dì í.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, kí ọmọṣẹ́ tẹ *#06#. Nọ́ńbà oníye 15 tí wọ́n ń pè ní IMEI á jáde. Fóònù oní-sìímù méjì á gbé méjì jáde. Ó gbọ́dọ̀ bá ti ara páálí mu. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń dúró sí, kò sì tó, torí pé ayédèrú lè gbé nọ́ńbà fóònù gidi wọ̀. Ó dára kí wọ́n da fídíò ńláńlá sínú rẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà. Èyí tó ń pe ara rẹ̀ ní 256GB, tí kò rí wọn gbà tàbí tí wọn kò ṣeé ṣí mọ́, irọ́ ló ń pa.

Tòkunbọ̀ ló le jù. iPhone tí àkáǹtì iCloud ẹlòmíì wà lórí rẹ̀ á máa bèèrè ọ̀rọ̀ aṣínà ẹni yẹn, bí wọ́n tiẹ̀ pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́. Láti ọdún 2015 ni Android náà ti ní irú ìdè bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àkáǹtì Google. Nítorí náà, kí olùtà pa inú fóònù rẹ́ lójú ẹni tó ń rà á, kí wọ́n sì jọ tún un bẹ̀rẹ̀ látòkè. Fóònù tó bá kọ̀, kí ọmọṣẹ́ fi í sílẹ̀, bó ti wù kó dán tó. Kó ki sìímù tirẹ̀ bọ̀ ọ́ pẹ̀lú: òmíràn tó ti Amẹ́ríkà wá, ilé iṣẹ́ bíi AT&T ti tì í mọ́ tiwọn, sìímù MTN tàbí Glo kò ní ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Lára nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì iPhone, lẹ́tà M ló ń ṣáájú ti tuntun, F ni ti èyí tí wọ́n tún ṣe. Ẹni tó bá ń ta F lówó tuntun, gbájúẹ̀ ló ń ṣe.

Kámẹ́rà, ẹnu ìgbóhùn, ibi tí cháájà ń wọ̀: ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó láti yẹ̀ wọ́n wò.

Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018, èyí tí àjọ FCCPC ń mójú tó, ní kí olùtà fi iye ọjà hàn, kó sì jẹ́ kó yéni bó bá jẹ́ àlòkù. Àmọ́ ẹ̀rí ni wọ́n máa béèrè. Àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀bù ni kí owó wọ̀, kì í ṣe ti ọmọ kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí rìsíìtì ní àdírẹ́sì, IMEI, àti iye ọjọ́ tí wọ́n lè fi dá a padà. Rìsíìtì yìí náà ni Carlcare, tó ń tún Tecno, Infinix àti itel ṣe, máa fẹ́ rí.

Bí ọmọṣẹ́ bá sì padà dé Ìkòròdú, kó pe àlòkù ní àlòkù fún ẹni tó rán an. Kó kọ IMEI, ọjọ́ àti orúkọ ṣọ́ọ̀bù sínú ìwé kan tí kò ní kúrò ní káńtà.